Iyùn Alààyè Nínú Táǹkì: Ẹ Fún Un Láàyè

Ọ̀rọ̀ iyùn alààyè ló kún inú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí wa lóṣù yìí, ìyẹn ẹranko inú òkun tó dúró sójú kan bí òdòdó, tí àwọn kan ń sìn sínú táǹkì gíláàsì ní pálọ̀. Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Iléṣà ni àwọn lẹ́tà náà ti wá. Ìdáhùn kan gùn ju òmíràn lọ. Bí ìbéèrè bá ṣe ta kókó tó ni.

*Táǹkì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 50, ó sì ga ní 50. Mo to òkúta kìlógíráàmù 60 sínú rẹ̀ bí ògiri, mo wá to iyùn sórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi ní ó jọ àtẹ ọjà ní Odò-Ògbè. Kí ni kí n ṣe sí i? Bàbá Tẹniọlá, Lágere, Ilé-Ifẹ̀*

Ìyàwó yín ò purọ́. Iyùn yín ò ní ẹ̀bi kankan, òkúta ló pọ̀ jù. Táǹkì tó gba omi líta 300 ò nílò ju òkúta kìlógíráàmù 25 sí 30 lọ, bó bá jẹ́ èyí tó ní ihò nínú tó sì fúyẹ́. Bí òkúta bá ti di ògiri, omi ò ní ráyè ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ á kóra jọ síbẹ̀, nitrate, èròjà tó ń jáde lára ìdọ̀tí, á máa gòkè, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti ń wá. Iyùn ìsàlẹ̀ á wà lábẹ́ òjìji tòkè. Bí wọ́n bá wá dàgbà, wọn ò níbòmíràn tí wọ́n máa gbà àfi orí ara wọn.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú báfù, kẹ́ ẹ bu omi táǹkì náà lé e, kẹ́ ẹ sì ju pọ́ǹpù kékeré kan sínú rẹ̀ kí omi máa yí, kí àwọn bakitéríà tó ń fọ omi mọ́ má bàa kú lára òkúta. Ẹ ya ìdí táǹkì sórí páálí, 120 sí 50. Ẹ tún fa ìlà mìíràn sínú rẹ̀ tó fi sẹ̀ǹtímítà 8 jìnnà sí etí kọ̀ọ̀kan. Òkúta kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá ìlà inú yìí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ yín àti òòfà tẹ́ ẹ fi ń nu gíláàsì máa gbà kọjá.

Orí páálí yìí ni kẹ́ ẹ ti kọ́ òkìtì méjì tí kò dọ́gba. Kí òkìtì ńlá kó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òkúta náà, kí kékeré kó ìyókù. Ẹ má fi ṣóńṣó òkìtì ńlá sí àárín gbùngbùn. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 láti ẹ̀gbẹ́ kan, kó má sì ga ju 30 lọ. Omi tó kù lókè rẹ̀ ni iyùn máa fi dàgbà. Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 sáàárín òkìtì méjèèjì, kẹ́ ẹ má sì fi ohunkóhun síbẹ̀ ju yanrìn lásán lọ. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí àlàfo náà fẹ̀ níwájú kó máa tín-ín-rín lọ sẹ́yìn, bí ojú ọ̀nà tó ń lọ sókèèrè, táǹkì yín á dà bí èyí tó jìn ju 50 lọ. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fi iyùn dí àlàfo yẹn. Ẹ ṣọ́wọ́ yín.

Òkúta tó bá máa yọ síta bí pèpéle nílò ọ̀pá nínú. Ẹ lu ihò, kẹ́ ẹ ki ọ̀pá acrylic tàbí ti fiberglass tó nípọn tó mìlímítà 8 bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi epoxy, gúlù oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó le, dí i. Ẹ má lo irin, á dógùn-ún. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí bàbà pupa sún mọ́ ọn rárá, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti pa iyùn àti edé. Ẹ wá pèpéle mẹ́rin tàbí márùn-ún sára òkìtì ńlá, kí ìkan ga ju ìkan lọ, kí èyí tòkè má sì ṣíji bo tìsàlẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà sínú táǹkì, orí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an ni kí ìdí òkìtì jókòó lé, kẹ́ ẹ tó da yanrìn yí i ká. Ẹni tó bá gbé òkúta lé yanrìn, ẹja goby tàbí edé tó ń wa ihò á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ lọ, òkúta á yẹ̀ lóru, gíláàsì ló sì máa lù. Ẹ fi ìka méjì ti ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, kò tíì parí nìyẹn.

*Òkúta kún Iléṣà. Kí ló dé tí mo fi máa ra èyí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè? Adéọlá, Ìsọ̀kùn, Iléṣà*

Ojú Òṣómàáló lẹ fi wò ó, a ò sì bá yín wí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wúrà ni ilẹ̀ yín, ẹ wo Ìgún àti Ìtagunmódi nítòsí. Òkúta tó bá bá wúrà gbélé sábà máa ń gbé oríṣi irin mìíràn dání, omi iyọ̀ á sì máa yọ ọ́ sínú táǹkì díẹ̀díẹ̀. Àwọn akọ òkúta ìyókù wúwo, wọn ò sì ní ihò tí bakitéríà lè gbé. Fínígà tí wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ da sórí òkúta kó hó, ohun tó ń fi hàn kò ju pé òkúta náà ní èròjà ẹfun nínú lọ. Kò sọ fún yín pé kò ní májèlé.

Bó bá jẹ́ owó lẹ ò fẹ́ ná, ẹ fi ọwọ́ ara yín mọ òkúta. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ ra oyster shell tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Agolo sìmẹ́ńtì kan, agolo oyster shell mẹ́ta, agolo iyọ̀ hóró kan: ẹ pò ó gbẹ, kẹ́ ẹ wá máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí bí ẹ̀bà tó le, tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́ tí kò tú, tí omi ò sì kán lára rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, sìmẹ́ńtì tútù ń bó ọwọ́.

Yanrìn tútù nínú báfù ni mọ́ọ̀dù yín. Ẹ gbẹ́ ihò tó rí wọ́gọwọ̀gọ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ da àpòpọ̀ náà sí i, kẹ́ ẹ fi ìka lu ihò kiri ara rẹ̀ kó tó le. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tẹ̀ bí afárá, ẹ tẹ́ ẹ lé orí páìpù tẹ́ ẹ ti wé ní ọ̀rá. Ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ tó gbé e jù sínú omi kànga lásán. Iyọ̀ inú rẹ̀ á yọ́ jáde, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sìmẹ́ńtì tuntun ń gbé pH omi sókè gan-an, omi bẹ́ẹ̀ á sì jó iyùn bí ìgbà tí èèyàn da ọṣẹ lé e. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ fi sínú omi tuntun fún ọjọ́ méjì gbáko, kẹ́ ẹ wọn pH rẹ̀. Bí kò bá tíì wá sí ìsàlẹ̀ 8.5, ẹ dá a padà sínú báfù.

*Iyùn tí mo fi supa gúlù lẹ̀ mọ́ òkúta kì í ju ọjọ́ kejì lọ tó fi ń já bọ́. Ìyá Ìbejì, Mọ̀ọ́rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀*

Gúlù tó ṣàn bí omi, tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, lẹ rà. Èyí tó ki bíi jẹ́lì ni kẹ́ ẹ wá. Síbẹ̀, jẹ́lì nìkan ò tó: bó bá ṣe kan omi báyìí ni awọ funfun á bò ó, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí gúlù inú kan òkúta. Epoxy nìkan náà ò tó, torí á le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan nínú omi. Àwọn méjèèjì ló máa ń ṣe é pọ̀.

Ẹ pa pọ́ǹpù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ojú òkúta níbi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ po epoxy tó tó ẹ̀kùrọ́ kan títí tí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan. Ẹ gbé iyùn jáde, ẹ fi tíṣù nu ìdí rẹ̀ gbẹ, ẹ fi jẹ́lì tó tó hóró ẹ̀wà sí i, kẹ́ ẹ tẹ epoxy mọ́ ọn. Ẹ tún fi jẹ́lì mìíràn sí ojú kejì epoxy. Ẹ wá tì í mọ́ òkúta lábẹ́ omi, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì bí ẹni ń dé ìgò, kí awọ funfun yẹn lè ya. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ ní pípa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá ní skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí inú omi, ẹ pa òun náà fún wákàtí mélòó kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epoxy á jẹ́ kó hó kún ilẹ̀ pálọ̀.

Ohun róbótó bíi ìdérí ìgò tí wọ́n fi iyùn lé lórí nígbà tẹ́ ẹ rà á, ẹ fi ìgé gé èyí tó bá ṣe é gé kúrò. Kò sí ohun tó ń ba ẹwà jẹ́ tó o.

Tó bá jẹ́ zoa, iyùn róbótó kékeré aláwọ̀ mèremère yẹn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kẹ́ ẹ tó gé e. Àwọn kan nínú wọn ní májèlé tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ẹ má se òkúta tí zoa wà lára rẹ̀ láéláé, ẹ má sì da omi gbígbóná lé e. Èéfín rẹ̀ ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn rí.

*Iyùn torch mi lẹ́wà gan-an, àmọ́ gbogbo èyí tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń kú. Káyọ̀dé, Òkèsà, Iléṣà*

Òun ló ń pa wọ́n. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ rí tó ń jó nínú omi ní ẹ̀gún olóró tí ojú ò rí. Lóru, ó tún máa ń na àwọn ọwọ́ mìíràn tó gùn tó sì tín-ín-rín, ibi tí omi bá sì ń ṣàn lọ ni wọ́n ń dojú kọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i ní agogo méjìlá òru, ẹ máa rí i. Ẹ fún un ní sẹ̀ǹtímítà 15 yí ká, kó tó 20 ní ìhà tí omi ń ṣàn lọ. Galaxea, iyùn mìíràn, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ fi 30 sílẹ̀ fún un, tàbí kẹ́ ẹ má rà á. Iyùn hammer àti frogspawn lè máa fara kan ara wọn láìjà. Torch ò sí nínú àdéhùn yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ ẹbí.

Ohun tá a máa ṣe bó bá jẹ́ tiwa ni pé a máa fi òkìtì kékeré sílẹ̀ fún torch nìkan, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Àlàfo yanrìn tó wà láàárín á dáàbò bo àwọn tó kù, gbogbo òkìtì náà á sì máa jó pọ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ koríko.

Àwọn tó kù, ìmọ́lẹ̀ ló máa yan ibi fún wọn. PAR ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ tí PAR ti jẹ́ 50 sí 100 ni ti mushroom àti zoa, àárín tó jẹ́ 80 sí 150 ni ti torch àti hammer, Montipora ń fẹ́ bíi 150 sí 250, Acropora ló ń gba ṣóńṣó òkè níbi tó ti jẹ́ 200 sí 350. Ẹ má ra Acropora sínú táǹkì tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Fungia tó rí pẹrẹsẹ bí àwo, orí yanrìn ni tiẹ̀. Ó máa ń wú ara rẹ̀ láti fi rìn. Bẹ́ ẹ bá gbé e sórí òkúta, á já bọ́, ẹran ara rẹ̀ á sì ya.

*Ṣé iyùn tí àwọn ọba àti ìyàwó ń fi sọ́rùn náà nìyí? Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyá àgbà tí mo fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí òkúta inú táǹkì. Ọmọ Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀*

Ìbátan ni wọ́n. Iyùn ìlẹ̀kẹ̀ gidi, egungun Corallium rubrum ni, tí wọ́n ń wú láti ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀ ló ń gbé, ó sì ń pẹ́ kó tó dàgbà. Èyí tó wà nínú táǹkì yàtọ̀ sí i: púpọ̀ nínú wọn ló ní ewé omi tíntìntín nínú ẹran ara wọn, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ iná fi le bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi ti ìyá àgbà sínú omi. Okùn rẹ̀ á jẹrà, ewé omi á bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fínígà tàbí ásíìdì tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà á jẹ ẹ́. Bó bá lọ jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ láró tàbí tí wọ́n fi ike ṣe, tó kún ọjà báyìí, aró rẹ̀ á ṣàn sára àwọn alààyè. Ẹ gbé e kọ́ sínú férémù lára ògiri lókè táǹkì. Bẹ́ ẹ bá ní sẹ̀gi, ẹ kọ́ ọ mọ́ ọn. Gíláàsì ni sẹ̀gi, Igbó Olókun ní Ifẹ̀ níbí sì ni wọ́n ti wú àwọn ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì láyé àtijọ́. Ìlú tí kò ní òkun nítòsí, tó ní Igbó Olókun: táǹkì omi iyọ̀ ò ṣàjèjì síbẹ̀ jù.

*Líta 40 péré ni tèmi. Ṣé mo lè ṣe nǹkan tó yàtọ̀? Bọ̀dé, Parakin, Ilé-Ifẹ̀*

Ẹ ṣe igi kan ṣoṣo. Òkúta pẹlẹbẹ fún ìdí, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ fún ara, òmíràn tó fẹ̀ fún orí, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá acrylic so wọ́n pọ̀. Ẹ lẹ green star polyps mọ́ orí rẹ̀. Ní bí oṣù mélòó kan á bò ó bí ewé ìrókò. Iyùn yìí ń tàn kálẹ̀ bí iná inú ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà kí yanrìn yí ìdí igi náà ká, kí òkúta mìíràn má sì fara kàn án. Bó bá dé ara gíláàsì, ẹ fi abẹ ha á kúrò kó tó ki. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kan òkìtì ńlá nínú táǹkì èyíkéyìí, ẹ ò ní rí i lé jáde mọ́.

*Ní ṣọ́ọ̀bù, iyùn mi ń tàn bí iná ọdún. Nílé mi, àwọ̀ ilẹ̀ lásán ló ní. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Ìyá Sọpẹ́, Òkèsà, Iléṣà*

Rárá, iná búlúù ni wọ́n fi tà á fún yín. Àwọn èròjà kan wà nínú ara iyùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, bíi èyí tó wà ní 450 nanometer, tí wọ́n sì ń dá a padà ní àwọ̀ ewé tàbí ti ọsàn. Lábẹ́ iná funfun, àwọ̀ ilẹ̀ ti ewé inú ara rẹ̀ ló ń borí. Ẹ ra iná LED tẹ́ ẹ lè tan búlúù àti funfun rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí búlúù tàn ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí funfun dara pọ̀ láti agogo méjì sí mẹ́jọ alẹ́, kí búlúù nìkan wà títí di mẹ́wàá, ìgbà tẹ́ ẹ wà nílé. Bí iná náà bá jẹ́ tuntun, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kun ẹ̀yìn táǹkì ní dúdú láti ìta. Fún fọ́tò, ẹ fi ike àwọ̀ ọsàn bo ojú kámẹ́rà fóònù.

*Iná ò dúró ní Modákẹ́kẹ́, ooru sì ń mú. Ṣé kí n má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Wálé*

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ bá mọ ohun tó yẹ kí bátìrì gbé. Iyùn lè wà láìsí ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Láìsí omi tó ń yí, atẹ́gùn á tán nínú omi láàárín wákàtí mélòó kan, ẹja ló sì máa kọ́kọ́ kú. Pọ́ǹpù tó ń yí omi nìkan ni kẹ́ ẹ so mọ́ ìńfátà. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ń kó bíi 1200 wáàtì-wákàtí. Ẹ ka ìdajì rẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ lè lò bó bá jẹ́ olómi. Pọ́ǹpù wáàtì 20 á fi ìyẹn ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ kan.

Omi gbọ́dọ̀ wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ń gbóná sí 30 tí kò sì sọ̀, iyùn á lé ewé inú ara rẹ̀ jáde, á funfun bí egungun. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un sọ̀ ní 2 sí 3, ṣùgbọ́n kì í ṣe é dáadáa nígbà òjò tí ọ̀rinrin ti kún inú afẹ́fẹ́. Omi tí fáànù bá gbé lọ, omi RO, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ títí tí kò fi ní iyọ̀, ni kẹ́ ẹ fi dí i, torí iyọ̀ kì í gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ka omi inú ọ̀rá sí RO títí tẹ́ ẹ bá fi mítà TDS, èyí tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, wọ̀n ọ́n tó fi òdo tàbí iye tó sún mọ́ òdo hàn. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: òru ń tutù, ẹ ní hítà nílé.

*Iyùn mi ń bọ̀ láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbo ni kí n kọ́kọ́ gbé e sí? Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀*

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á bóyá ó ní ìwé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó àti òkun, torí gbogbo iyùn olókùúta ló wà lábẹ́ òfin yẹn. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú táǹkì fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ rì í sínú oògùn ìfọyùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kẹ́ ẹ má sì da omi ọ̀rá sínú táǹkì. Kí ìwọ̀n iyọ̀ táǹkì (specific gravity) wà ní 1.025 sí 1.026.

Ẹ má tíì fi gúlù kàn án. Ẹ gbé e sórí pèpéle olóòfà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọra, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá ń ṣí lọ́sàn-án, tó sì wú, ẹ gbé e gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi dé ibi tẹ́ ẹ ní lọ́kàn. Bó bá ń ṣí ẹnu, tó ń funfun, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé kò wú sí i, kò sì joro fún ọ̀sẹ̀ méjì lójú kan náà, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ po epoxy.